Àpò Èédú Inú Ṣọ́ọ̀bù Alágbàfọ̀

Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ yẹn, fèrèsé kan, ilẹ̀kùn kan. Ẹni tó bá yà síbẹ̀ ní òwúrọ̀ á bá tábìlì gígùn tí wọ́n tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ogbó lé, á bá òkìtì aṣọ tó ti gbẹ, á sì bá ọkùnrin kúkúrú kan tó ń wọ́n omi sára ṣẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń bá a ṣeré. Kò-Gbọdọ̀-Rún ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ fa orúkọ náà, torí bó bá ti di aṣọ oníbàárà tán, á ní: "Ẹ rọra gbé e o, kò gbọdọ̀ rún."

Áyọ́ọ̀nù eléèédú ló ń lò, irú èyí tó ní ìdérí lórí àti ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ẹnì kan fún un ní ti iná mànàmáná nígbà kan, ó dá a padà. Ó ní áyọ́ọ̀nù tí kò wúwo, ńṣe ló kàn ń fọwọ́ pa aṣọ lórí.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a ká aṣọ. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń jókòó sí, tòun ti oyún oṣù mẹ́fà. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wá oyún yìí. Mi ò tíì rí ọkùnrin tó ń ṣọ́ nǹkan tó báyìí rí. Kì í jẹ́ kó gbé garawa, kì í jẹ́ kó gun àpótí, bó bá sì sín, ọkọ á dá iṣẹ́ dúró.

"Ṣé kò sí o?"

"Mo kàn sín ni."

"Máa rọra sín."

Mo rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yìí títí nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi. Ọ́fíìsì àwọn tó ń mójú tó omi àdúgbò lèmi tí mò ń kọ ìtàn yìí ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ohun tí ojú ẹnì kan rí sílẹ̀, kí ojú ẹlòmíràn má baà rí i. Ẹnu tọkọtaya náà ni mo ti gbọ́ èyí, àwọn fúnra wọn ló sì ní kí n kọ ọ́.

Ọ̀dọ̀ omi ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Omi ẹ̀rọ tí àdúgbò wọn ń mu mọ́ gaara, ó tutù, kò rùn, kò sì korò lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún tó ṣáájú, a bá májèlé kan nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní aséníìkì. Kò sẹ́ni tó dà á síbẹ̀. Inú àpáta abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé látọjọ́ tí ilẹ̀ ti wà, omi sì ń fọ̀ ọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Irú èyí tó wà nínú omi yẹn kì í pa èèyàn lójú ẹsẹ̀. Ọdún dé ọdún ló fi ń ṣiṣẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ á máa le, àmì dúdú á máa yọ lára, bó bá sì yá, á wọ inú lọ bá ẹ̀dọ̀. Ti ọmọ inú oyún ló tún burú jù, torí ara rẹ̀ kò tíì lágbára tó lè fi bá a jà.

Ìdí nìyẹn tí a fi pín asẹ́ omi fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ike méjì ni, ọ̀kan jókòó lé èkejì, èédú wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ṣe lákànṣe sì wà láàárín wọn. Èédú yìí kì í wà títí ayé. Tó bá ti lo oṣù mẹ́rin, ó ti yó nìyẹn, a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ọ́fíìsì wa ni wọ́n ń pè ní Àǹtí Olómi. Lọ́jọ́ tó pín asẹ́ náà, ó dúró láàárín wọn, ó là á mọ́lẹ̀.

"Lóṣù mẹ́rin òní, mò ń padà bọ̀. Èédú àtijọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé fún mi kí n tó fún yín ní tuntun. Ẹ má dà á sílẹ̀, ẹ má sì fi dáná."

Kò-Gbọdọ̀-Rún gbọ́. Kì í ṣe pé kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi èédú jẹun, tí èédú sì wọ́n bí ojú lásìkò òjò, ìtumọ̀ tó máa fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ á yàtọ̀. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn.

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi èédú ògbólógbòó ṣe?" ló bi ìyàwó rẹ̀. "Wọ́n fẹ́ lọ tà á ni. Omi lásán ló ṣáà kọjá lára rẹ̀. Èédú tó tutù, ṣé kì í gbẹ ni?"

"Obìnrin yẹn ní ká má fi dáná o," ìyàwó dá a lóhùn.

"Ìwọ náà wò ó. Ẹni tó fẹ́ ta ọjà, ṣé á ní kó o fi dáná ni?"

Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Ohun tó mú kó léwu gan-an nìyẹn.

Nígbà tó ku ọ̀la kí Àǹtí Olómi dé, Kò-Gbọdọ̀-Rún gbé àpò kọ́rùn, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ó ń bá wọn tú asẹ́, ó ń da èédú inú rẹ̀ sínú àpò. Àwọn èèyàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aránṣọ tí ilé rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù náà tiẹ̀ bá a di àpò lẹ́nu.

"Bọ̀dá, ẹ ṣeun tí ẹ ń bá wa kó ìdọ̀tí o."

"Ẹ má pè é ní ìdọ̀tí. Òun ni mo máa fi lọ ṣòkòtò ọkọ yín, ọ̀fẹ́ sì ni."

"Á dáa o. Kí ṣòkòtò ṣáà gún, torí ọkọ tó ń wọ̀ ọ́ ò gún."

Ilé mẹ́sàn-án ló dé. Ó sá èédú náà sórí páànù lẹ́yìnkùlé, oòrùn ọ̀sán ọjọ́ yẹn sì gbẹ ẹ́ pátápátá. Ó kún àpò dé ẹnu.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó bù ú sínú áyọ́ọ̀nù, ó fi ẹyin iná mélòó kan sí i, ó dé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ. Inú rẹ̀ ń dùn. Èédú tó ń rà lọ́jà máa ń ta páràpàrà, a sì máa jó aṣọ oníbàárà. Èyí ń pọ́n láìpariwo. Ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ó gún régé. Ó gbé e sókè kí ìyàwó rẹ̀ lè rí i.

Ìyàwó ò wo ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ń fimú fa nǹkan.

"Ta ló ń dín ááyù láàárọ̀ yìí?"

"Ááyù? Kò sẹ́ni tó ń dáná nítòsí."

"Mo ń gbóòórùn rẹ̀."

"Imú aboyún ni. Ṣebí ìwọ lo ní ọṣẹ ń rùn bí ẹja lánàá."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ọkọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì mú ṣẹ́ẹ̀tì kejì.

Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibí yìí ni àyà mi ń já, bẹ́ẹ̀ mo mọ bó ṣe parí. Aséníìkì tí iná bá ràn máa ń rùn bí ááyù. Obìnrin olóyún ló ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá kan, èédú ilé mẹ́sàn-án sì wà nínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lákòókò yẹn, Àǹtí Olómi ti dé ilé aránṣọ. Ó sọ èédú tuntun kalẹ̀, ó ní kó gbé ti àtijọ́ wá.

"A ti kó o fún alágbàfọ̀."

"Fún ta ni?"

"Alágbàfọ̀ wa yìí. Gbogbo wa la kó o fún un. Ó ní òun máa fi lọ aṣọ."

Àǹtí Olómi ju báàgì sílẹ̀, ó ki eré mọ́lẹ̀. Obìnrin tó lára dáadáa ni, mo sì mọ̀ pé kò sáré bẹ́ẹ̀ mọ́ látìgbà tó ti kúrò nílé ìwé. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà ni òórùn ááyù ti pàdé rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ bọ́ síta! Ẹ má mú nǹkan kan, ẹ ṣáà jáde! Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa ihò áyọ́ọ̀nù yẹn dé, kí ẹ gbé e jáde kíá!"

Kò-Gbọdọ̀-Rún dúró bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ilé onílé. "Kí ló dé? Ṣebí èédú lásán..."

"Ẹ gbé e jáde! Májèlé inú rẹ̀ ló ń rùn yẹn!"

Ìgbà tó gbọ́ "májèlé," ó wo ibi tí ìyàwó rẹ̀ jókòó sí, àga ti ṣófo. Ó pa ihò áyọ́ọ̀nù dé, ó sáré gbé e lọ sórí iyanrìn tó jìnnà sí ilé. Ó fẹ́ da omi lé e lórí, Àǹtí Olómi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ má da omi sí i. Èéfín ló máa fi dá yín lóhùn. Ihò rẹ̀ ti wà ní dídé, ẹ jẹ́ kó kú fúnra rẹ̀."

Wọ́n ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má wọlé. Ìyàwó dúró lábẹ́ igi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ikùn.

"Mo sọ fún yín pé mo ń gbóòórùn ááyù," ló wí.

Ọkùnrin tó ń ní kí aya òun máa rọra sín, òun fúnra rẹ̀ ló kó májèlé wọlé tì í.

Kíá ni wọ́n gba ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò lọ. Aránṣọ gbé báàgì Àǹtí Olómi tẹ̀lé wọn. Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà níbẹ̀ bi wọ́n pé báwo ni èéfín náà ṣe pẹ́ tó nínú yàrá. Kò-Gbọdọ̀-Rún ò mọ aago. Ṣẹ́ẹ̀tì ló fi ń ka àsìkò.

"Ṣẹ́ẹ̀tì kan, màmá. Mo ti lọ èkejì dé ìdajì."

Nọ́ọ̀sì mú ìyàwó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ọkọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó yíjú sí Àǹtí Olómi.

"Àǹtí, ẹ má bínú sí mi. Ohun tí mo ṣe ò yé mi. Omi tó mọ́ la dà sínú asẹ́ yẹn, omi tó mọ́ ló sì ń jáde. Ibo ni májèlé ti wọ èédú?"

Àǹtí Olómi tú báàgì rẹ̀. Ife ike mẹ́ta tí a lè rí inú wọn láti ìta ló wà níbẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ wà nídìí wọn. Èédú ìdáná tí wọ́n gún kúnná ló wà nínú ti àkọ́kọ́. Èkejì àti ẹ̀kẹta, èédú tó jọ ti asẹ́ ló wà nínú wọn.

"Ṣé ẹ ní búlúù lára?"

Alágbàfọ̀ wo ni kì í ní búlúù lára? Ó mú ìgò kékeré kan tó fi ń mú kí aṣọ funfun tàn jáde láti inú àpò. Àǹtí Olómi kán an sínú omi, omi náà di aró. Ó gbé ife òfìfo sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó da díẹ̀ sórí èédú ìdáná, ohun tó jáde nísàlẹ̀ ṣì jẹ́ aró, ó tún dọ̀tí sí i. Ó da díẹ̀ sínú ife kejì, ó ní kó wò ó.

Omi tó ń kán jáde mọ́ lóló.

Kò-Gbọdọ̀-Rún gba ife tó wà nísàlẹ̀, ó gbé e sókè sí oòrùn. Ó yí i. Ó fimú fà á. Ó gba búlúù náà, òun fúnra rẹ̀ tún da púpọ̀ sí i, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Omi tó mọ́ lóló ló ń jáde.

"Níbo ló gbà?"

"Inú èédú náà ló wà."

"Búlúù tó jẹ́ pé tó bá kàn mí lọ́wọ́, ọjọ́ mẹ́ta ló ń gbà kó tó kúrò? Ẹ̀kúnwọ́ èédú kan ló gbà á mì bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, aṣọ ìbora ńlá kan, tí ẹ bá ká a, báwo ló ṣe máa ń tó?"

"Kò ju báyìí lọ." Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀.

"Tí ẹ bá tú u ńkọ́?"

"Ó lè bo yàrá."

"Kíká ni inú èédú yìí wà. Ohun táwọn èèyàn ń dà sẹ́yìn ilé la fi ṣe é, èèpo àgbọn àti ṣúkù àgbàdo. A ó sun ún nínú dúrọ́ọ̀mù tí atẹ́gùn ò lè wọ̀, kó má baà di eérú. Lẹ́yìn náà, a ó tún fi ooru omi tó gbóná gan-an là á nínú, títí gbogbo ara rẹ̀ á fi di ihò inú ihò. Ojú wa ò lè rí wọn. Ṣíbí ìjẹun kan péré nínú rẹ̀, ká ní ẹ lè tú gbogbo ìṣẹ́po inú rẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gún, ó máa tó pápá bọ́ọ̀lù kan."

Ọkùnrin náà bu èédú díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń ká aṣọ, kò sì sí bí aṣọ ṣe lè tóbi tó tí kò ní í rí ọgbọ́n ká a. Ó tẹjú mọ́ èédú náà bí ẹni tó pàdé ọ̀gá rẹ̀.

"Ta ló ká a?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Iná àti ooru omi ni. Irinṣẹ́ tí ẹ̀yin náà ń lò nìyẹn."

Aránṣọ tó jókòó tì wọ́n ní, "Áà, Ọlọ́run tóbi."

"Ṣùgbọ́n búlúù rọrùn," Àǹtí Olómi ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Aséníìkì ò rọrùn bẹ́ẹ̀." Ó pọn omi láti ẹnu ẹ̀rọ ilé ìwòsàn sínú ìgò kan, ó po oògùn kékeré kan mọ́ ọn, ó sì fi bébà ìdánwò funfun kan dé e lẹ́nu. Nígbà tó yá, bébà náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. "Aséníìkì nìyẹn. Kí ẹ tó bi mí, omi yìí kan náà, bí ẹ bá sè é títí di ìrọ̀lẹ́, májèlé rẹ̀ ò ní í lọ. Omi ló máa gbẹ, májèlé á sì ki sí i."

Ó da omi náà kọjá nínú ife kejì, èyí tó gbé búlúù mì lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Bébà náà tún pọ́n.

"Ó kọjá!" ni Kò-Gbọdọ̀-Rún wí.

"Ó kọjá. Ihò pọ̀ nínú èédú yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó máa di aséníìkì mú níbẹ̀. Ó ń wọlé, ó sì ń jáde." Ó wá da omi sínú ife kẹta. Wọ́n dúró. Nígbà tí wọ́n ṣí i wò, bébà náà funfun bó ṣe wà látilẹ̀.

"Kí ló wà nínú ìyẹn?"

"Ìpẹtà."

Kò-Gbọdọ̀-Rún dìde fùú. "Ìpẹtà! Àǹtí, ẹ má dárúkọ ọ̀tá mi fún mi níbí. Ìṣó kan ṣoṣo lára okùn aṣọ ló kán ìpẹtà sí aṣọ ìgbéyàwó kan tó wà lọ́wọ́ mi. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, mo fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn, mo bẹ̀ ẹ́."

"Ṣé ó lọ?"

"Ibo ló fẹ́ lọ? Ìpẹtà bá ti di nǹkan mú, kì í tú u sílẹ̀ mọ́."

Ó gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Ó padà jókòó.

"Ohun tí a ń wá gan-an nìyẹn," ni Àǹtí Olómi wí. "Lẹ́yìn tí iná bá ti la èédú nínú tán, a ó rẹ ẹ́ sínú omi tí a po iyọ̀ irin mọ́, ìyẹn irin tí wọ́n sọ di ohun tó ń yọ́ bí iyọ̀, omi náà á gba gbogbo ìṣẹ́po yẹn wọlé. A ó sá a, a ó tún fi sínú ooru. Irin á wá kúnná bí ohun tí a ò lè rí, á di ìpẹtà síbẹ̀, nínú gbogbo ihò. Aséníìkì tó bá wọlé tó sì fara kan án, ó há nìyẹn. Ohun tí èédú nìkan ò lè ṣe, tí irin nìkan ò sì lè tètè ṣe, àwọn méjèèjì jọ ṣe é. Asẹ́ mìíràn wà tó jẹ́ fàdákà ni wọ́n fi sínú èédú tiẹ̀, kí kòkòrò má baà gbilẹ̀ nínú asẹ́. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ló ń sọ irú irin tí a máa lò."

"Èèpo àgbọn," ni aránṣọ ń sọ, ó ń mi orí. "Èèpo àgbọn àti ìpẹtà. Ohun tá à ń fẹsẹ̀ gbá kúrò lọ́nà."

"Ó há, àbí?" Kò-Gbọdọ̀-Rún tún béèrè. "Kò lè jáde mọ́?"

"Ó máa wà níbẹ̀, tí wọn ò bá fi dáná."

Ọ̀rọ̀ náà wọlé sí i lára díẹ̀díẹ̀. Gbogbo májèlé tí ilé mẹ́sàn-án ì bá mu fún oṣù mẹ́rin, èédú yẹn ti bá wọn gbé e mì, ó ti pa ẹnu mọ́ ọn. Òun ló wá lọ kó o jọ láti ilé dé ilé, tó kó o sínú àpò, tó gbé e wá sí yàrá tí aya rẹ̀ wà, tó sì fi iná tú u.

Ó fi ọwọ́ bo ojú. Ó sunkún bí ọmọdé, kò sì tijú ẹnì kankan.

Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì àgbà ti yọjú. "Alágbàfọ̀, bọ́ sínú ilé."

Ó nu ojú, ó wọlé. Ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ kọ òkè àjà. Nọ́ọ̀sì gbé ohun kan bíi fèrè onígi lé e níkùn, ó ní kí ọkùnrin náà fi etí sí i.

Kò kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ọ. Ọkàn ọmọ náà ń lù kìkìkì, ó yára, ó kéré, kò sì dúró. Kò-Gbọdọ̀-Rún ò gbọ́ ohùn ọmọ náà rí títí dọjọ́ náà. Ó gbàgbé láti gbé etí kúrò. Nọ́ọ̀sì ní kó dìde, kò dìde. Ìyàwó ló na ọwọ́, tó gbé e lé e lórí.

"Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ," ló dáhùn. "Mo gbọ́ ọ. Dárí jì mí."

Wọ́n gba ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì fún àyẹ̀wò. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi retí èsì, wọn ò sì lè jẹun dáadáa. Nígbà tí èsì dé, ohun tó wọ ara wọn kò tíì pọ̀ dé ibi tó lè ṣe jàǹbá. Nọ́ọ̀sì ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní ṣẹ́ẹ̀tì kan àtààbọ̀ ló kó wọn yọ, ká ní ó lọ aṣọ yẹn dé ọ̀sán ni, ẹnu òun ò ní í gbà á sọ. Wọ́n bí ọmọ náà nígbà tí àsìkò rẹ̀ tó. Obìnrin ni, ó ti ń rá kiri báyìí, ó sì ń fa aṣọ oníbàárà lulẹ̀.

Ní ti àpò èédú yẹn, Àǹtí Olómi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìbọ̀wọ́ kó o, wọ́n kó eérú inú áyọ́ọ̀nù pẹ̀lú, wọ́n fi aṣọ tútù nu gbogbo yàrá, wọn ò fi ìgbálẹ̀ kàn án. Kò-Gbọdọ̀-Rún tẹ̀lé wọn dé ibi tí wọ́n ń kó èédú àtijọ́ lọ, ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i bóyá wọ́n ń tà á. Ó rí i tí wọ́n pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì títí ó fi le bí òkúta, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ má baà rí ọ̀nà jáde mọ́ láé. Látọjọ́ náà, tí ọjọ́ ìpààrọ̀ bá pé, òun ló ń ṣáájú Àǹtí Olómi lọ sílé àwọn èèyàn.

Òun ló ní kí n bá òun sọ ìyókù yìí fún yín, ọ̀rọ̀ tiwa ní ọ́fíìsì náà sì ni.

Ẹ má fi ojú lásán dá omi láre. Omi tó mọ́ gaara lè ní ohun tí ojú ò rí. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún yín, ẹ má sì rò pé sísè máa lé aséníìkì lọ, torí kò lè lé e.

Ẹ má fi èédú ìdáná ṣe asẹ́. Aránṣọ ti bi wá bóyá òun lè da ìṣó tó dípẹtà mọ́ èédú kí òun ṣe tòun nílé. A ní rárá, a sì tún ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà. Kì í ṣe gbogbo irin ló dáa fún omi mímu, àwọn kan wà tó jẹ́ májèlé fúnra wọn, òjé inú bátìrì ọkọ̀ sì wà lára wọn. Iṣẹ́ àwọn tó kọ́ ọ ni.

Tí wọ́n bá ní kí ẹ pààrọ̀ èédú inú asẹ́ yín lóṣù mẹ́rin, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lóṣù mẹ́rin. Ẹ dá ti àtijọ́ padà fún ẹni tó fún yín. Bí nǹkan kan bá ń rú yín lójú nípa ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, ẹ béèrè. Ìbéèrè ò pa èèyàn. Ẹ má dà á sí oko, ẹ má fi sínú ààrò tàbí áyọ́ọ̀nù, bó ti wù kí èédú wọ́n tó. Bí ẹnì kan bá sì ti fi dáná kẹ́ ẹ tó mọ̀, tí ẹ gbóòórùn ááyù níbi tí kò sí ááyù, ẹ jáde, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀.

Èédú yẹn ti gbé májèlé mì nítorí yín. Ẹ má fi iná mú kó bì í sí yàrá tí ọmọ yín ń sùn.